Duodenitis: orí-ìfun wíwú ni, kì í ṣe ọgbẹ́

Duodenitis ni àìsàn tó ń mú kí duodenum, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, wú. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún un ní Yorùbá: ọgbẹ́ ìfun, jẹ̀funjẹ̀fun àti ìfun-oníka-méjìlá wíwú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọgbẹ́ kúrò.

Bí dókítà bá ti okùn oníkámẹ́rà gba ọ̀fun wọlé dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, awọ tó pọ́n tó sì wú ló máa rí. Ó lè bó díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tó bá jẹ kọjá awọ yẹn ló di ọgbẹ́. Kòkòrò Helicobacter pylori ló sábà ń fa méjèèjì, tàbí oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí èèyàn ń lò láìsinmi. Ṣùgbọ́n bí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe fẹ́ sọ fún aláìsàn pé tirẹ̀ kò tíì dá ọgbẹ́?

Jẹ̀funjẹ̀fun dùn létí, ó bá jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mu. Ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dénú. Àmọ́ ọgbẹ́ ló ń jẹ ẹran, wíwú kì í jẹ ẹ́. Kò sì sọ ibi tó wà: duodenum kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lọ nínú gbogbo ìfun.

Ní ti oníka-méjìlá, Herophilus, oníṣègùn Gíríìkì ayé àtijọ́ tó ṣiṣẹ́ ní Alẹkisáńdíríà, ló fi ìbú ìka 12 wọn ìfun yìí. Látìn gbà á lọ́wọ́ Gíríìkì, àwọn ará Jámánì náà tú u sí tiwọn. Ìwọ̀n ni lọ́dọ̀ wọn. Tí àwa bá fi "oní-" síwájú rẹ̀, ìfun náà di Olúgbódi!

Orí-ìfun wíwú ni mo fara mọ́. Ó bá ẹsẹ̀ wíwú dọ́gba. Ẹnu-ìfun kò dáa tó, torí ó lè di iṣan tó ń pa ìsàlẹ̀ àpòlúkù dé. Ẹ má sì gé e kúrú sí inú wíwú o, ohun mìíràn nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé wíwú kò kó pípọ́n, gbígbóná àti ríro pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣé "-itis" tó parí duodenitis fúnra rẹ̀ kó wọn pọ̀ ni? "Ti" lásán ló jẹ́ ní Gíríìkì: àìsàn ti oríkèé, àìsàn ti ẹ̀dọ̀. Lílò ló fi ìtumọ̀ kún un. Bí àpòlúkù náà bá wú pẹ̀lú rẹ̀, àpòlúkù-òun-orí-ìfun wíwú ni.