Kí ló lé àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá kúrò láàárín ìlú ní Amẹ́ríkà?

Àbẹ̀kẹ́_Detroit:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Detroit ni mò ń gbé, ládùúgbò wa tí n bá fẹ́ ra ẹ̀fọ́ tútù àti ẹran tó dáa, bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa wọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọtí àti ilé epo tó ń ta bisikíìtì kún gbogbo ìkóríta. Màmá àgbà kan tá a jọ ń gbé àdúgbò sọ pé nígbà tóun wà lọ́mọdé, ẹsẹ̀ làwọn fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní A&P, kò jìnnà rárá. Ta ló tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ka púpọ̀ yìí, kí ló sì lé wọn lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé torí olè ni o, ìyẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

BàbáTáyé_Bronx:
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, A&P tí màmá yẹn dárúkọ gan-an ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. New York níbí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1859, tíì ni wọ́n ń tà. Ní 1912, John Hartford, ọmọ ẹni tó ń darí iléeṣẹ́ náà, wá ṣí irú ṣọ́ọ̀bù kan tó kéré, tẹ́nì kan ṣoṣo lè máa bójú tó, kò sí àwìn, kò sí pé à ń gbé ọjà wá bá ẹ nílé, mú owó wá kó o gbé ọjà ẹ. Torí pé ìnáwó wọn ò pọ̀, tí wọ́n tún ń ra ọjà ní tààràtà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, tí wọ́n sì ní ilé búrẹ́dì tiwọn, kò sí onísọ̀ kékeré tó lè tà á ní iye tí wọ́n ń tà á, nígbà tó fi máa di 1930 ṣọ́ọ̀bù wọn ti lé ní 15,000! Àwọn onísọ̀ kéékèèké pariwo títí, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Indiana bá gbé owó orí lé ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ka, bí ẹ̀ka ẹ bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà á ṣe wúwo tó. Ní 1936 ni òfin Robinson-Patman tún jáde, tó ní kí àwọn tó ń ṣe ọjà má kàn máa tà á lówó pọ́ọ́kú fáwọn ńlá nìkan.

Ṣadé_Memphis:
Bàbá, ẹ kú àlàyé o, àmọ́ ẹ ti fo ìlú wa! Títí di 1916, ìwájú kántà lo máa dúró sí, wàá ka ohun tó o fẹ́ fún ọmọ ìsọ̀, òun á lọ bá ẹ gbé e wá. Memphis níbí ni Clarence Saunders ti ṣí Piggly Wiggly lọ́dún yẹn, o máa gbé apẹ̀rẹ̀, wàá gba ojú géètì kékeré kan wọlé, iye owó wà lára gbogbo ọjà, fúnra ẹ lo máa mú u, ẹnu ọ̀nà àbájáde lo ti máa sanwó.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá yí padà pátápátá ni 1930. Michael Cullen ń ṣiṣẹ́ ní Kroger, iléeṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ka púpọ̀ míì, ó kọ lẹ́tà sáwọn ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kóun ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí èrè orí ọjà kọ̀ọ̀kan á kéré àmọ́ tọ́jà á máa yára tà. Wọn ò dá a lóhùn. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ṣí King Kullen nínú gáréèjì àtijọ́ kan ní Queens ní New York, ìlú ò sì fararọ nígbà yẹn, owó ò sí, làwọn èèyàn bá ń wa mọ́tò wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1937 Sylvan Goldman ní Oklahoma City tún ṣe kẹ̀kẹ́ ọjà tí wọ́n ń tì, àwọn oníbàárà ò kọ́kọ́ fẹ́ tì í, àfìgbà tó háyà àwọn èèyàn tí wọ́n ń tì í kiri kí wọ́n lè rí i. Mọ́tò wà, fíríìjì wà nílé, kẹ̀kẹ́ wà, èèyàn ti lè ra ọjà ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ni A&P náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà ládùúgbò, tó ń fi ńlá kan rọ́pò ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ báyẹn ni ti màmá yín ṣe lọ, kì í ṣe olè.

Kúnlé_DC:
Òótọ́ lẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kan ọ̀rọ̀ àwọ̀ o, kò sì ṣeé yọ kúrò. Ní Washington níbí, láwọn ọdún 1930, àwọn ṣọ́ọ̀bù ń gbowó lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú, wọn ò sì jẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ kántà. Àwọn ọ̀dọ́ dá New Negro Alliance sílẹ̀ ní 1933, wọ́n gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Sanitary Grocery, tó ti wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ka Safeway nígbà yẹn, iléeṣẹ́ náà gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, ó di Supreme Court, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní 1938 wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí n bá rántí ẹjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba dúró fún owó ilé tí wọ́n ń yá àwọn òyìnbó níta ìlú, àdúgbò àwa dúdú ò rí i gbà. Ibi tówó lọ, ibẹ̀ ni súpámákẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e lọ, ilẹ̀ tún pọ̀ níbẹ̀ fún mọ́tò. Súpámákẹ́ẹ̀tì Farmer Jack ti Detroit tó kógbá sílé ní 2007, A&P yìí náà ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ní Harlem, àdúgbò àwa dúdú ní New York, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà kí súpámákẹ́ẹ̀tì Pathmark tó dé 125th Street ní 1999, A&P ra Pathmark, A&P wó ní 2015, Pathmark náà bá a lọ. Àmọ́ ká má parọ́ mọ́ Detroit, àwọn onísọ̀ aládàáni ò lọ, pàápàá àwọn Chaldean tó wá láti Iraq, ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé àwọn ló ń bọ́ àdúgbò.

Àbẹ̀kẹ́_Detroit:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tí wọ́n bá wá lọ, kí ló dé tí ilé yẹn fi ń ṣófo bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíì ò wọ ibẹ̀ kó máa ta oúnjẹ?

Kúnlé_DC:
Nígbà míì, iléeṣẹ́ tó ń lọ á ti fi sínú ìwé ilẹ̀ pé ẹni tó bá rà á ò gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kó má bàa gba oníbàárà ẹ̀ka wọn tó kù. Washington ti ṣòfin lòdì sí i ní 2018. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Register of Deeds, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí, ní Wayne County tí Detroit wà, ẹ ní kí wọ́n bá yín wá ìwé ilé tó ṣófo yẹn jáde, kò sẹ́ni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á. Tẹ́ ẹ bá rí gbólóhùn yẹn níbẹ̀, òun lẹ máa gbé lọ bá kánsílọ̀ yín.