Ọmọ mi fẹ́ sá eré síkì lórí òkè tó dàbí ògiri, kí ni kí n sọ fún un?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjọrà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 21, ń kàwé ní Grenoble nílẹ̀ Faransé. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí tó ti ń kọ́ síkì, àwọn pákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí òjò dídì. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn rárá. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí pé ẹgbẹ́ àwọn ń lọ sí Val d'Isère, abúlé kan láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Faransé, àwọn sì máa sá slalom, eré síkì tí wọ́n ti ń yà sọ́tùn-ún yà sósì láàárín àwọn ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, lórí òkè kan tó ń jẹ́ Face de Bellevarde. Ó fi fídíò ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ògiri ni mo rí! Ọ̀pá pupa, ọ̀pá búlúù, ọkùnrin kan ń já bọ̀ láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ gbá wọn dànù, síkì rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi fáìlì pọ́n àdá.

Ẹja dídì ni mò ń tà, ó ti lé lọ́dún 15. Mo mọ yìnyín. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, mo gbé páálí kòtè kan jáde nínú kóòlù-rúùmù, ẹsẹ̀ mi tẹ omi tó ti dì sẹ́nu ọ̀nà, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìdí mi ti balẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jókòó lórí ìrọ̀rí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ sì nìyẹn o! Bàbá rẹ̀ ní kí n sọ fún un pé kò gbọdọ̀ lọ. Owó ìrìn àjò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì, Surulérè

Ìyá wa, ẹ má fowó yẹn ránṣẹ́. Ìwé ló bá lọ. Bí ẹsẹ̀ bá kán níbẹ̀, ta ló máa gbé e wọlé wẹ̀ nílẹ̀ onílẹ̀?

Ọmọ Ìta Fájì

Ẹ kú iṣẹ́ òbí, mà. Ọdún méje ni mo fi gbé Lyon kí n tó padà sí Èkó, mo sì ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù yín tọ́. Ibi tó dà jù níbẹ̀ jẹ́ ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún: bí èèyàn bá fi mítà 100 lọ síwájú, ó ti fi mítà 71 lọ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti sá eré ìsọ̀kalẹ̀ ní Òlíńpíìkì ọdún 1992, tí Patrick Ortlieb ará Austria gba góòlù. Slalom kì í gba gbogbo òkè náà, apá ìsàlẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà, ti àwọn ọkùnrin tó ti di ọ̀gá máa ń sọ̀ tó mítà 180 sí 220. NECOM House ní Marina, mítà 160 ni. Ẹ fojú inú wo ẹni tó sọ̀ láti ibi tó ga ju ìyẹn lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, tó ń yà sọ́tùn-ún yà sósì nígbà bí ọgọ́ta.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fúnra yín mọ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà: yìnyín. Bí ìdíje ńlá bá ń bọ̀, wọ́n máa ń rọ omi sínú òjò dídì náà kó lè dì gbagidi, kí ẹni tó máa sá kẹ́yìn má bàa bá ilẹ̀ tó ti bàjẹ́. Ohun tí ẹ gbọ́ tó ń dún bí fáìlì nìyẹn, etí irin síkì ló ń gé yìnyín. Ẹni tí irin rẹ̀ kò bá wọlẹ̀, bí ẹ ṣe ṣubú ló máa ṣubú, àmọ́ kò ní dúró sójú kan, yóò máa yọ̀ lọ ni.

Torí náà, ẹ má bi í bóyá ó lè sáré. Ẹ bi í pé: "Bó o bá wà láàárín òkè yẹn, ṣé o lè dúró gbọn-in níbi tó o bá fẹ́?" Kẹ́ ẹ sì ní kó bi kóòṣì rẹ̀ pé ibo gan-an ni wọ́n máa ri ọ̀pá sí. Ẹni tó bá fo ọ̀pá kan ti jáde nínú eré, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù láyé náà ń jáde. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Yábàá

Jẹnotáìpù rẹ̀ ńkọ́, mà? Abúlé yẹn nìkan ga tó mítà 1,850, orí òkè náà sì lé ní 2,800. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ SS, kó má gùn ún láìrí dókítà. AS tí a máa ń sọ pé kò léwu pàápàá, ìrora líle lè mú un lábẹ́ ìhà òsì bó bá ń lo agbára níbi gíga. Kó máa mu omi dáadáa, kó sì má sáré lọ́jọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Orúnkún ni síkì máa ń bàjẹ́ jù, kódà kó dé àṣíborí.

Ẹ̀gbọ́n Múṣin

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Simidele Adeagbo fi àyà sùn lórí irin pẹrẹsẹ kan tó ń yọ̀, orí níwájú, ó sì sọ̀ lórí yìnyín fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ọdún 2018. Kwame Nkrumah-Acheampong ará Gánà sá slalom gan-an ní Vancouver lọ́dún 2010. Ju ìdajì àwọn tó gbéra lọ́jọ́ yẹn ni kò parí, òun parí.

Àǹtí Òkè-Àrin

Inṣọ́ránsì ni kó kọ́kọ́ rà o. Gbígbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjọrà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo pè é lálẹ́ àná. AA ni. Mo bi í ní ìbéèrè Ọmọ Ìta Fájì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Mọ́mì, lórí òjò dídì, bẹ́ẹ̀ ni. Lórí yìnyín, mi ò tíì lè." Mo kí i pé ó ṣeun tó sọ òótọ́ fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló pe kóòṣì, wọ́n sì fi í sáàárín àwọn tó máa sá ti wọn ní òkè kékeré tó wà nísàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ó ní kó lọ. Mo ti fowó ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ti inṣọ́ránsì wà nínú rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti dé ìdí Face yẹn, òun máa pè mí kí n lè fojú ara mi rí i láti ìsàlẹ̀.