Fáàfù ọkàn Màmá ń jò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbíkẹ́ (Manchester): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi wà n'Íbàdàn, wọ́n ti pé ẹni ọdún 67. Ó ti tó ọdún kan báyìí, bí wọ́n bá rìn láti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Mápó, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dúró mí. Lóru, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń gbé orí lé. Wọ́n wọn BP wọn, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, nílé ìwòsàn kan ládùúgbò, ó jẹ́ 168 lórí 52. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n kọ oògùn, ó parí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àwòrán ọkàn, wọ́n ní fáàfù ayọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹnu iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn, ń jò. Kí ni jíjò yìí ń ṣe fún ọkàn gan-an? Ṣé kí n tètè mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Houston): Àbíkẹ́, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á wo Màmá sàn.

Gbogbo wa la mọ ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sí táǹkì. Bí fáàfù tí kì í jẹ́ kómi padà bá bàjẹ́, bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé omi gòkè lomi ń sáré padà sí kànga. Ẹ̀rọ á máa ké, iná á máa jó, táǹkì ò ní kún. Bí ọkàn Màmá ṣe rí nìyẹn. Ọkàn á ti ẹ̀jẹ̀ jáde sínú ayọ́tà, ewé fáàfù mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹ kó pa dé pinpin. Bí wọn ò bá pa dé, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á yí padà sí yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì, á bá ẹ̀jẹ̀ tuntun tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ níbẹ̀. Yàrá yẹn á máa fẹ̀, ògiri rẹ̀ á máa nípọn. Ó lè fara dà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí aláìsàn má mọ nǹkan kan, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú àìsàn yìí nìyẹn. Ìgbà tó bá rẹ yàrá náà ni ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há sẹ́yìn títí dé ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tí ìrọ̀rí mẹ́ta yẹn ń sọ nìyẹn.

Wo BP yẹn dáadáa. Òkè ga torí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń jù síta lẹ́ẹ̀kan ti pọ̀ jù. Ìsàlẹ̀ já torí apá kan ń sá padà. Àlàfo 116 yẹ kó mú ẹni tó wọ̀n ọ́n gbọ́ àyà wọn. Ó dùn mí. Ìgbà tí ọkàn bá sinmi láàárín ìlù kan sí èkejì ni òun fúnra rẹ̀ ń jẹun jù. Bí ìsàlẹ̀ bá já, ebi ń pa á, iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i.

Bọ̀dá Lékè (Toronto): Ibà tó tẹ̀lé ọ̀fun dídùn nígbà èwe ló ba fáàfù ti bàbá mi jẹ́. Onírin ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, dọjọ́ ikú. Kò ní kí wọ́n má jẹ ewédú àtẹ̀fọ́ mọ́ o. Kó má ṣe jẹ́ abọ́ ńlá lónìí, kí wọ́n wá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣíwọ́. Ìwọ̀n kan náà ni kí wọ́n máa jẹ. Àgbo, rárá. Bí wọ́n bá sì fẹ́ yọ eyín, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún oníṣègùn eyín pé fáàfù àtọwọ́dá wà nínú ọkàn wọn, torí kòkòrò ẹnu lè lọ bà sí i lára.

Àbíkẹ́: Ọkọ̀ òfurufú ńkọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kí dókítà ọkàn ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Íbàdàn, rí wọn ná. Gba ìwé àyẹ̀wò náà, kì í ṣe àwòrán nìkan: bí yàrá òsì ṣe fẹ̀ tó, àti ìdá ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ tó ń tì jáde nínú 100. Bí jíjò bá pọ̀ tí èémí sì ti ń kúrú, ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ fáàfù ti dé nìyẹn. Físà àbẹ̀wò ò sọ ìtọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dọ̀fẹ́: àlejò ń san ìdá 150 nínú 100 iye tó ń ná wọn. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìbánigbófò ìrìnàjò kì í sì í san owó àìsàn téèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé wọn lọ láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti ní kó ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi kó tó kúrò níbẹ̀.