Kí ni "daimon" gan-an lédè Gíríìkì?

Àjíkàwé: Ẹ káalẹ́ o. Ìtàn ẹjọ́ Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì àtijọ́, ni mò ń kà tí mo fi débi tó ti ní láti kékeré ni daimonion kan (inú ọ̀rọ̀ daimon ló ti wá) ti ń bá òun sọ̀rọ̀. Lọ́kàn tèmi, ẹ̀mí èṣù nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú Bíbélì. Àmọ́ ẹ̀rù ò bà á rárá, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Àbí kò yé mi ni?

Aríwòyé: Ẹ má tíì lé ẹ̀mí kankan jáde o 😂. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà tipẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ burúkú. Nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, òrìṣà obìnrin Athena padà sí Olympus, òkè táwọn òrìṣà ń gbé, wọ́n ní ó lọ bá àwọn daimon yòókù, àwọn òrìṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Hesiod, akéwì Gíríìkì míì, ní àwọn èèyàn ìran wúrà, ìran àkọ́kọ́, kú, wọ́n wá di daimon tó ń ṣọ́ aráyé. Plato, ọmọ ẹ̀kọ́ Socrates, ló wá fi wọ́n sáàárín: Eros, ìyẹn ìfẹ́, kì í ṣe òrìṣà, kì í ṣe èèyàn, daimon ni, àwọn ló ń gbé àdúrà àtẹbọ wa lọ sókè tí wọ́n sì ń gbé èsì bọ̀. Ti Socrates yẹn kì í ní kó ṣe nǹkan kan, ìgbà tó bá fẹ́ ṣe ohun tí ò yẹ ló máa ń dá a dúró. Síbẹ̀ ní 399 ṣáájú ìbí Jésù, ara ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń kó daimonia (daimonion tó ju ẹyọ kan lọ) tuntun wọ̀lú.

Ẹ̀làlọ̀rọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ ọ́ di áńgẹ́lì náà o. Nínú Homer náà, Elpenor, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun Odysseus, mutí yó, ó sùn sórí òrùlé ilé Circe, obìnrin olóògùn kan, ó ré bọ́, ọrùn ẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí Odysseus pàdé ẹ̀mí ẹ̀, ẹ̀mí náà ní ìpín burúkú látọwọ́ daimon kan ló ṣe òun, àti ọtí. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ téèyàn ò mọ òrìṣà tó wà nídìí ẹ̀, daimon ni wọ́n máa ń pè é.

Àjíkàwé: Ìgbà wo ló wá di burúkú pátápátá?

Aríwòyé: Àwọn Júù tó túmọ̀ Sáàmù sí Gíríìkì ti kọ ọ́ nínú 96:5 pé gbogbo òrìṣà àwọn kèfèrí, daimonia ni wọ́n. Ibẹ̀ ni ìwé Ìhìn Rere gbé e gbà. Àmọ́ ẹ wo Ìṣe 17:18, àwọn ará Áténì ní Pọ́ọ̀lù ń wàásù daimonia àjèjì, òrìṣà ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn ò fi ọ̀rọ̀ yẹn pe ẹ̀mí èṣù.

Àjíkàwé: Háà, ẹ ṣeun gan-an. Ti Elpenor yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, òun ló mutí, daimon ló kọ́kọ́ jẹ̀bi.