Ibo gan-an lọmọ ti máa ń há tí a bá ń kọ́ ọ ní kóòdù?

Tíṣà Àárọ̀
Ẹ̀yin olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní kíláàsì tiyín, ibo làwọn ọmọ ti máa ń há, kí lẹ sì máa ń ṣe sí i? Tibí, range ni, àṣẹ tó ń ka nọ́ńbà nínú èdè kóòdù Python. Wọ́n á rí `for i in range(1, 5)`, wọ́n á ní 5 ló máa kà dé. 4 ló ń kà dé. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ lónìí, lọ́la ó ti di ìgbàgbé.

Kóòdù Ò Purọ́
Ẹ gbé range tì ná. Ẹ ò tíì kọ́ wọn ní kíkà, ẹ ti ní kí wọ́n máa kọ. Ẹ kọ́kọ́ gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn. Ẹ fún wọn ní bébà, kí wọ́n pín in sí òpó, òpó kan fún variable kọ̀ọ̀kan, ìyẹn orúkọ tí a ń fi iye pamọ́ sí. Kí wọ́n máa tẹ̀ lé kóòdù ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa kọ iye tuntun sílẹ̀ bó bá ṣe ń yí padà. Ìlà mẹ́rin péré ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀:

```
a = 3
b = 7
a = b
b = a
```

Ẹ bi wọ́n pé kí ló wà nínú a, kí ló wà nínú b. Púpọ̀ nínú wọn á ní 7 àti 3. Rárá o, 7 àti 7 ni. Ní ìlà kẹta ni 3 ti kú. Nígbà tó fi máa di ìlà kẹrin, 7 ni b tún ń gbà padà.

Ife Mẹ́ta
Èyí ò le. Ife méjì, omi pupa nínú ọ̀kan, omi aláwọ̀ ewé nínú èkejì. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ láìjẹ́ kó pò pọ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní kí wọ́n gbé ife kẹta wá. Ife kẹta yẹn ni `c = a`. Ó tán.

Kóòdù Ò Purọ́
Kò tán o. Tí ẹ bá da omi ife kan sínú èkejì, èyí tí ẹ dà yẹn á ṣófo. `a = b` kì í sọ b di òfìfo. Ọmọ tó bá fi ife kọ́ ọ á gbà pé b ò ní nǹkan kan nínú mọ́. Káàdì ló yẹ: orúkọ variable lókè, iye nísàlẹ̀, pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi kọ ọ́. `a = b` wá di: wo káàdì b, fi rọ́bà pa iye ara káàdì a rẹ́, da ti b kọ síbẹ̀. Káàdì b ò yí padà.

Ife Mẹ́ta
Ọ̀gá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án là ń sọ o, kì í ṣe ẹnjiníà.

Kóòdù Ò Purọ́
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ rọ́bà lò.

Ẹ̀rín Ò Pani
😂😂😂

Ìyá Ìjàpá
Ẹ máa fi ife jà lọ. Onígun mẹ́ta ni tiwa, pẹ̀lú ìjàpá orí kọ̀ǹpútà tó ń fa ìlà bó ṣe ń rìn. Ẹ ní kí ọmọ jẹ́ kí ìjàpá ya onígun mẹ́ta tẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ dọ́gba, á kọ èyí:

```
for i in range(3):
    forward(100)
    left(60)
```

Ó rántí 60 láti kíláàsì ìṣirò, kò sì purọ́, igun inú ni. Àmọ́ ìjàpá kì í yí igun inú, igun òde ló ń yí. Ohun tó máa yà ni ìdajì onígun mẹ́fà, tẹ́nu ẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ lẹ téèpù mọ́lẹ̀ ní onígun mẹ́ta, kó dìde, kó rìn yí i ká, kó sì padà kọjú síbi tó kọ́kọ́ kọjú sí. Ara ẹ̀ ti yí 360, ìgbà mẹ́ta ló sì yà. 120 nìyẹn.

Ẹ gbọ́ o, onígun mẹ́rin tí gbogbo wa fi ń bẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń dá a sílẹ̀. 90 ni inú, 90 ni òde. Ọmọ á ṣe é dáadáa láìmọ ohun tó ṣe.

Tíṣà Àárọ̀
Háà! Onígun mẹ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́.

Alátakò
Ìràwọ̀ olórí márùn-ún wá ńkọ́? 360 pín sí 5 jẹ́ 72. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kò lè ya ìràwọ̀.

Ìyá Ìjàpá
Àwọn 72 yẹn á ya onígun márùn-ún fún yín. Ìràwọ̀ ń mú ìjàpá yí po lẹ́ẹ̀mejì kó tó délé. 720 pín sí 5, 144.

Alátakò
Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ eré ọmọdé ṣì ni gbogbo ìjàpá yìí, àti Scratch tí wọ́n ti ń to bùlọ́ọ̀kù dípò kí wọ́n tẹ kóòdù. Kí wọ́n bọ́ sórí Python tààrà.

Bùlọ́ọ̀kù
Eré ọmọdé kẹ̀? Láti ayé Logo, èdè kóòdù ọmọdé tí wọ́n ṣe ní 1967, ni wọ́n ti ń fi irú ọ̀nà yìí kọ́ ọmọ ní ìrònú. Ti Scratch, bùlọ́ọ̀kù tí kò bára mu ò ní wọnú ara wọn, nítorí náà ọmọ ò ní máa wá àmì tó sọnù kiri, àṣìṣe ìrònú nìkan ló kù fún un láti ṣe. Ó sì máa ṣe é! Á fi bùlọ́ọ̀kù if tó ń wò bóyá ológbò ti kan etí ojú ìwòran sí ìta forever, bùlọ́ọ̀kù tó ń tún nǹkan ṣe láìdúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Scratch máa wò ó, ní kété tí wọ́n bá tẹ àsíá ewé, nígbà tí ológbò ṣì wà láàárín. Á wá ké pé "Tíṣà, Scratch ti bàjẹ́." Ẹ bi í: ẹ̀ẹ̀mélòó lo ní kó wò?

Ẹ̀rín Ò Pani
"Scratch ti bàjẹ́" 😂 Ẹ̀gbọ́n "kọ̀ǹpútà ò mọ ìṣirò" nìyẹn.

Bùlọ́ọ̀kù
Ti input, àṣẹ Python tó ń gba ohun tí wọ́n bá tẹ̀! Ọmọ tẹ 5, ó kọ `input() * 2`, 55 jáde. Tó bá jẹ́ `+ 1` ni, Python á pariwo TypeError, pé irú nǹkan méjèèjì ò bára mu, ọ̀rọ̀ bùṣe. `* 2` ò pariwo, ó kàn fún un ní 55 bíi pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ni input máa ń mú wá, kì í ṣe nọ́ńbà, àfi tí wọ́n bá fi int, tó ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, gbá a mú.

Ọmọ Ìyá Python
Ká tó sọ pé àwọn ọmọ ò lè ka ohun tí Python ń kọ tí àṣìṣe bá wà: ìlà tó gbẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà, kì í ṣe ti òkè. Tí ẹ̀dà Python yín bá ti kéré sí 3.10, ẹ fi sọ́kàn pé bírákẹ́ẹ̀tì tí wọn ò pa dé lè mú kó máa bá ìlà tó tẹ̀ lé e wí, ìlà tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Láti 3.10 ló ti ń tọ́ka sí bírákẹ́ẹ̀tì náà gan-an.

Alátakò
Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn range tí tíṣà béèrè o.

Kóòdù Ò Purọ́
Ẹ ní kí wọ́n kọ `range(0, 5)` àti `range(5, 10)` tẹ̀ léra. 0 dé 4, 5 dé 9: kò sí èyí tó fò, kò sí èyí tó kà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé ó ń kó ìparí mọ́ ọn ni, 5 ì bá jáde lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá sì yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú ìparí, iye ìgbà tó máa yí lẹ rí yẹn.

Tíṣà Àárọ̀
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀la ni kíláàsì wa, téèpù ti wà nílẹ̀. Ó ku káàdì.

Ife Mẹ́ta
Àti ife.

Kóòdù Ò Purọ́
Ẹ fi ife sílẹ̀ jàre.