Saskatoon sí Calgary: ogún ìṣẹ́jú péré?

Ìyá Ìbejì (Saskatoon, Kánádà): Ẹ̀yin ará ilé, ta ni ò tíì sùn? Màmá mi ń ti Èkó bọ̀. Calgary ni bàálù wọn máa já wọn sí ní 8:30 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi kí n lè lọ pàdé wọn: ó ní màá gbéra ní 7:00, màá dé ní 7:20! Àbọ̀ wá jẹ́ 18:00 sí 20:10. Ṣé ọ̀nà kan náà ni? Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì? Màmá ò gbọ́ Òyìnbó o.

Bàbá Tọ́lá (Edmonton): Ẹ fọkàn balẹ̀. Aago ni. Ìpínlẹ̀ Saskatchewan yín, Saskatoon àti Regina, kì í sún aago; àwa ìpínlẹ̀ Alberta, Edmonton àti Calgary, la máa ń sún tiwa síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru, ká tó dá a padà nígbà òtútù. Nígbà òtútù, ẹ fi wákàtí kan ṣáájú wa. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni ìrìn yẹn.

Dẹ̀ǹgẹ́ (Calgary): Háà, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Mo lọ sí Regina lóṣù kẹfà, aago bára mu, kò sí wàhálà. Mo tún padà lọ ní Kérésì. Bàálù aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ wọ̀ bọ̀. Aago ọwọ́ mi ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo bá ní kí n jẹ ìrẹsì kí n tó lọ. Ìgbà tí mo dé pápákọ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo rà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Regina): Fóònù ẹ ńkọ́?

Dẹ̀ǹgẹ́: Ó ti kú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Aago ò sí lára ògiri ilé tóo dé sí?

Dẹ̀ǹgẹ́: Ìyẹn ti dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọlé.

Bàbá Tọ́lá: Ìrẹsì ló jẹ̀bi. Aago ò ṣe nǹkan kan.

Àńtí Bísí (Calgary): Ẹ jẹ́ ká dá Ìyá Ìbejì lóhùn. Nǹkan bí 520 kìlómítà ni. Bàálù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ń forí ko afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí àbọ̀ fi yá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá lẹ̀ mọ́ apá bàálù, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kó tó gbéra, 7:20 sì lè di 8:20. Ẹ wá lálẹ́ Ọjọ́rú, ẹ sùn sílé mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kí wọ́n wakọ̀ gba Kindersley ńkọ́?

Àńtí Bísí: Wákàtí mẹ́fà nínú yìnyín? Ọ̀rọ̀ ará Regina nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dá wọn lóhùn. Àwa ní odò gidi ní Saskatoon, àwọn ló fọwọ́ gbẹ́ adágún tiwọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹni tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan ti ń bú ìlú!

Bàbá Tọ́lá: Nílé, láti Ṣakí dé Maiduguri, aago kan náà ni. Èèyàn lè fi ọjọ́ odidi há sójú ọ̀nà Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí aago lù.

Dẹ̀ǹgẹ́: Ọ̀nà Ìbàdàn... ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín lójú wíńdò ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: 8:30 tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì Màmá ńkọ́, aago Calgary ni àbí tèmi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ṣé wọ́n ń kó gàrí Ìjẹ̀bú bọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ dákun, aago ta ni?

Dẹ̀ǹgẹ́: Gàrí yẹn, báàgì mélòó ni?