Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, katakata ò dúró

Ará Ìyàrà:

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó béèrè bóyá kóun ra katakata kékeré tòkunbọ̀ láti máa fi gé koríko ọgbà rẹ̀, ẹ fara balẹ̀, tèmi gùn díẹ̀.

Ìjọ wa ní ilẹ̀ àgọ́ kan lọ́nà Kábà sí Ìyàrà. Koríko rẹ̀ á tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Langalanga la fi ń gé e tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà la ra àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Méjì kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárín àsìkò òjò kan ṣoṣo. Ẹ sì mọ koríko ilẹ̀ wa: tó bá ti di Oṣù Kẹfà, ibi tí ẹ gé lọ́jọ́ Ajé, kó tó di ọjọ́ Ìsinmi ó ti ń dé kókósẹ̀.

Àwọn àgbà ní ká lọ ra katakata ńlá Massey tí gbogbo ayé mọ̀. Èmi ni mo ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Massey 375 jẹ́ alágbára ẹṣin 75, ìwọ̀n rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Tó bá gun ilẹ̀ tí òjò ti rẹ, poro ló máa fà sílẹ̀, ẹ ó kàn máa wá ẹ̀bù iṣu tí ẹ ó gbìn síbẹ̀ ni.

Bí èmi àti mẹkáníìkì wa ṣe gba Ìbàdàn lọ nìyẹn. Àwọn katakata kéékèèké láti Jàpáànì tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ, oko ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ rí. Èdè ọ̀hún ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ọ̀pá gíà. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà funfun ya ọfà sí èyí tó mọ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Alágbára ẹṣin 22 la mú, èyí tí kò tó tọ́ọ̀nù kan. Slasher, ìyẹn ẹ̀rọ ọlọ́bẹ tó ń gé koríko lẹ́yìn katakata, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin la fẹ́ so mọ́ ọn, ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan a sì máa fẹ́ tó agbára ẹṣin 5. Ẹni tó ń tà á fẹ́ fi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́fà lé wa lọ́wọ́ ní owó pọ́ọ́kú, ẹ̀rín ni mẹkáníìkì wa fi dá a lóhùn. Ọmọ yẹn mọṣẹ́. Kó tó jẹ́ kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnì wò bóyá wọ́n ti gbé e gbóná dè wá. Ó tutù. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì nígbà tó ń ṣiṣẹ́, èéfín ò rú jáde. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kò funfun bí ògì, a jẹ́ pé omi ò dà mọ́ ọn. Èmi náà ń mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

Slasher la ò so mọ́ ọn kí a rí bí yóò ṣe ṣe tó bá ń yí. A wà á lọ, a wà á bọ̀, bí ẹni ra mọ́tò.

Sátidé àkọ́kọ́ nílé, èmi fúnra mi ni mo gùn ún. Ó ń gé e, koríko ń fò lẹ́yìn mi bí ìyẹ́ adìẹ ọdún. Ó ku díẹ̀ kí n dé ògiri gbọ̀ngàn, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí n lè yí padà. Katakata ò dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi na tán, ohun kan ṣáà ń tì mí látẹ̀yìn bí àgbò. Kí n tó rántí búréèkì, búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ti wà nílẹ̀, iná iwájú kan ti fọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé abẹ́ igi máńgòrò làwọn ọmọ tó ń wòran wà.

Mẹkáníìkì ló là mí lójú. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré àtijọ́, inú gíà kan náà ni agbára ń gbà dé táyà àti PTO, ìyẹn orí irin ẹ̀yìn tó ń yí slasher. Òótọ́ ni pé kílọ́ọ̀ṣì já ẹ́ńjìnì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ slasher wúwo, ó ṣì ń yí lọ. Yíyí yẹn ló ń padà gba inú ṣáàfù, irin gígùn tó so slasher mọ́ PTO, wọ gíà, tó wá ń ti táyà. Èyí tó bá ní kílọ́ọ̀ṣì ẹlẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: tẹ ìdajì, táyà dúró, slasher ń bá tiẹ̀ lọ. Tiwa jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan. Òrùka kan wà tí wọ́n ń fi sórí PTO fún irú rẹ̀. Ó dà bíi fíríwíìlì kẹ̀kẹ́: ẹ dẹ́kun wíwa pẹ́dàlì, táyà ń yí lọ, pẹ́dàlì dúró jẹ́ẹ́. Owó rẹ̀ ò tó owó ògiri. Àmọ́ ó fi ìnǹsì díẹ̀ kún gígùn, a tún ní láti gbé ṣáàfù lọ bá wẹ́dà kó gé e kúrú.

Ọmọ Ìsánlú:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Tèmi, PTO rẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe lóko ìrẹsì lọ́hùn-ún. Mo rò pé bó bá ṣe ń sáré tó ni koríko á ṣe gé dáadáa tó, mo fi sí ìkẹta. Slasher ń ké bí ọkọ̀ òfúrufú, ló bá lọ pàdé òkìtì ọ̀gán kan tó sá pamọ́ sínú koríko. Pínnì tó yẹ kó já kí slasher má bàa fọ́ ò já, ẹni tó tà á fún mi ti fi bóòtì líle rọ́pò rẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì slasher ló fọ́. Ìpele kìíní ló sún mọ́ yíyí 540 ní ìṣẹ́jú kan tí wọ́n ṣe slasher fún, mo ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i báyìí. Ní ti mítà tó ń ka iye wákàtí tí katakata ti ṣiṣẹ́, ẹ má gbára lé e: tèmi ka 640, bẹ́ẹ̀ rọ́bà pẹ́dàlì ti jẹ dé irin! Pẹ́dàlì ni kẹ́ ẹ wò.

Ìyá Mọ̀pà:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ́ńjìnì nìkan lẹ mọ̀. Ìjà tèmi, táyà ni. Táyà eléyín gíga tí wọ́n fi ń wọ ẹrẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ èyí tí mo rà. Koríko tí mo fọwọ́ ara mi gbìn síwájú ilé-ìwé, tí mo bá ti yí kọ̀rọ̀ báyìí, ó ti hú u tegbòtegbò. Mo wá táyà pẹlẹbẹ ti orí koríko dé Ìlọrin, n ò rí èyí tó bá a mu. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ nìkan ni mo ń gbé e jáde báyìí, orí kọnkéré ni mo sì ti ń yí i. Ará Ìyàrà, ògiri yẹn ńkọ́?

Ará Ìyàrà:

A ò tíì dí i, ìyá wa. Ẹgbẹ́ akọrin ti sọ ọ́ di ọ̀nà àbùjá sídìí kànga. Pásítọ̀ ní ká kúkú fi ilẹ̀kùn sí i.